Àáró Ni, Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀: Ọkọ̀ Oníná àti Ìsokọ́ra Iná Orílẹ̀-èdè

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí mọ́tò ti di ohun tí a ń rí lójú títì ilẹ̀ Yorùbá, epo ni a mọ̀ mọ́ ọn ní oúnjẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, oúnjẹ yìí ti ń yí padà. Nínú 100 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n tà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè ní ọdún 2024, nǹkan bí 89 ni kò lo epo rárá. Iná mànàmáná tí a fi sínú bátìrì ni ó ń mú wọn rìn. Ní Ìlú Ọba, ní ọdún kan náà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú ọkọ̀ tuntun márùn-ún. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i ni ìbéèrè kan ti ń jáde: ṣé iná tí ó wà nílẹ̀ lè bọ́ wọn yó?

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ètò iná orílẹ̀-èdè nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ń gba iná lára rẹ̀. Ìlú Ọba ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, a ó sì ya ọ̀dọ̀ àwọn ará Nọ́wè, nítorí pé àwọn ni wọ́n lọ jìnnà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Èrò wa ni pé kì í ṣe àpapọ̀ iná tí ọkọ̀ ń jẹ lọ́dún ni ó lè da ètò iná rú, bí kò ṣe kí gbogbo wọn jókòó sídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun méjèèjì yìí tipẹ́, nínú iṣẹ́ oko àti nínú ọ̀rọ̀ owó.

Èdè-ìperí tí a ó lò

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Iṣẹ́ iná mànàmáná kò sí lára ohun tí wọ́n gbé lé iwájú. Nítorí náà, a ó pe ọkọ̀ tí bátìrì ń mú rìn ní ọkọ̀ oníná. Àpapọ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá, òpó, wáyà àti tíráńsífọ́mà tí ó so orílẹ̀-èdè pọ̀, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní gíríìdì, ni a ó pè ní ìsokọ́ra iná. Wákàtí tí ìlò iná ga jù lọ lójúmọ́ ni wákàtí góńgó. Ní ti fífi iná sínú bátìrì, tọmọdé tàgbà ni ó ti ń ṣáàjì fóònù; a kò rí ìdí tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri.

Bí ìsokọ́ra iná ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé iná kò dà bí àgbàdo. A lè kó àgbàdo sí àká di ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n iná tí ó ń gba orí wáyà kọjá kò ní àká. Bátìrì ńlá àti omi tí a fi ẹ̀rọ fà gun orí òkè lè bá wa tọ́jú díẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ ni a gbọ́dọ̀ lò ní kété tí ó bá jáde. Iye tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ń mú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá iye tí àwọn ènìyàn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá náà mu.

Ní Ìlú Ọba, bíi ti Nàìjíríà, ìgbà 50 ni iná ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tí ó wà lórí ìsokọ́ra náà ni wọ́n jọ ń yí sí ìlù kan ṣoṣo yìí, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ oníjó bá ń gbẹ́sẹ̀ sí ohùn ìyáàlù kan. Bí ìlò bá wúwo ju ohun tí wọ́n ń mú jáde lọ, ìlù náà yóò máa falẹ̀. Bí ìlò bá fúyẹ́, yóò máa yára. Bí ó bá falẹ̀ kọjá ààlà, àwọn ẹ̀rọ yóò já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́, òkùnkùn yóò sì kún ìlú.

Ààlà náà kò fẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, àrá sán lu wáyà iná kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Lójú ẹsẹ̀ ni iná dínkù láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ alátẹ́gùn ti Hornsea tí ó wà lórí òkun, àti láti ilé iṣẹ́ amúnáwá Little Barford tí ó ń lo gáàsì. Ìlù 50 náà lọ sílẹ̀ dé 48.8. Ìyàtọ̀ 1.2 péré yìí tó láti mú kí ẹ̀rọ ìdáàbòbò já iná àwọn oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin sì há sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìlò tí ó bá ṣàdédé ga lè fa irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1990, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-oòrùn Jámánì gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Bí eré náà ti parí, àwọn òǹwòran dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì tan kẹ́túlù tíì. Ìlò iná fò sókè ní 2,800 mẹ́gáwáàtì. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ti ń retí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ ìgbà tí eré yóò parí. Kẹ́túlù kan ń fa nǹkan bí 3 kìlówáàtì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ oníná tí a ń ṣáàjì nílé ń fa nǹkan bí 7 kìlówáàtì fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Òǹkàwé tí ó ń gbé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò nílò kí a dé Ìlú Ọba kí ó tó mọ ohun tí à ń wí. Ilé iṣẹ́ NEPA ti di ohun ìtàn láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì padà dé, fíríìjì, fáànù, irin ìlọṣọ àti ẹ̀rọ tí ń fa omi ní gbogbo ilé ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn, kí ariwo ayọ̀ náà tó rọlẹ̀, a ó gbọ́ 'gbòlà!' nídìí tíráńsífọ́mà. Kò sí ẹnì kankan nínú àdúgbò náà tí ó lo iná ju bí ó ti yẹ lọ. Àjùmọ̀lò wọn ní ìṣẹ́jú kan náà ni ó fa wàhálà.

Ìṣirò méjì tí kò bára mu

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọkọ̀ ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà ní Ìlú Ọba lé ní mílíọ̀nù 30. Bí ọkọ̀ oníná kan bá rin ìwọ̀n ìrìn tí àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń rìn, iná tí yóò jẹ lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 2,000 kìlówáàtì-wákàtí. Bí mílíọ̀nù 30 bá di oníná, àpapọ̀ oúnjẹ wọn yóò jẹ́ bílíọ̀nù 60 kìlówáàtì-wákàtí, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò lọ́dún. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ní ogún ọdún láti múra sílẹ̀ lè kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá tí yóò gbé e.

Ìṣirò kejì ni ó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Bí mílíọ̀nù 30 ọkọ̀ náà bá ki wáyà bọ ojú iná ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fa 7 kìlówáàtì, 210 gígáwáàtì ni wọn yóò bèèrè. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìlò iná Ìlú Ọba wà ní góńgó rẹ̀, kò ju nǹkan bí 60 gígáwáàtì lọ. Ọkọ̀ nìkan yóò bèèrè ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ohun tí odindi orílẹ̀-èdè ń lò nígbà náà.

Ọkọ̀ kan náà ni a fi ṣe ìṣirò méjèèjì. Àkókò ni ó yà wọ́n. Ọkọ̀ tí ó ń jẹ 2,000 kìlówáàtì-wákàtí lọ́dún, tí ó sì ń gbà á ní 7 kìlówáàtì, kò nílò ju nǹkan bí wákàtí 286 lọ nínú 8,760 tí ó wà nínú ọdún. Bí a bá pín in sí ojoojúmọ́, kò tó wákàtí kan. Àwọn wákàtí yòókù, ọkọ̀ náà lè dúró de ẹlòmíràn.

Ibí ni ìmọ̀ àwọn baba wa ti wúlò. Bí àgbẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna yóò wọ́ lọ sóko rẹ̀. Iṣẹ́ yóò yá, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ojoojúmọ́ lọ, bí àlejò bá sì ti lọ tán, ìkòkò ńlá náà yóò dà bolẹ̀. Nínú àáró, ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn, oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Ìkòkò tí ó wà nílé náà ni wọn yóò máa lò. Bákan náà ni èésú rí. Gbogbo ènìyàn ni yóò dá owó, gbogbo wọn ni yóò sì kó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Bí gbogbo wọn bá fẹ́ kó owó lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, èésú náà yóò fọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jí kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí a kọ́ nítorí wákàtí góńgó nìkan ni ìkòkò ọ̀wẹ̀. Gbogbo aráàlú ni yóò sì san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà àdúgbò

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ. Bí iná bá tilẹ̀ tó ní orílẹ̀-èdè, ó gbọ́dọ̀ gba inú tíráńsífọ́mà àdúgbò àti wáyà abẹ́ ilẹ̀ kọjá kí ó tó dé ilé. Àwọn tí ó ri ọ̀pọ̀ wáyà wọ̀nyí mọ́lẹ̀ mọ̀ pé ilé kan lè fa iná púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dáná, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé gbogbo ilé kò ní dáná ní ìṣẹ́jú kan náà. Nítorí náà, ìpín ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò wọn kò sábà ju bí 2 kìlówáàtì lọ. Ọkọ̀ kan tí ń fa 7 kìlówáàtì dà bí ìgbà tí ilé mẹ́ta àti ààbọ̀ tuntun bá ṣàdédé hù lójú ọ̀nà náà.

Láàárín 2013 sí 2015, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ìlú Ọba tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Electric Avenue. Wọ́n kó àwọn aládùúgbò jọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa lo ọkọ̀ Nissan Leaf, kí wọ́n lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wáyà àdúgbò. Àbájáde wọn ni pé bí ọkọ̀ oníná bá dé ọwọ́ 40 sí 70 nínú 100 oníbàárà, nǹkan bí 32 nínú 100 wáyà àdúgbò ni yóò nílò àtúnṣe. Ìṣáàjì 3.5 kìlówáàtì ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò náà, èyí tí ó jẹ́ ìdajì ohun tí ó wọ́pọ̀ nílé lónìí.

Ọgbọ́n àwọn ará Nọ́wè

Ènìyàn bíi mílíọ̀nù 5.5 ni ó wà ní Nọ́wè, agbára omi ni ó sì ń mú bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná wọn wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọkọ̀ oníná tí ó wà lójú títì wọn ju ti pẹtiróòlù lọ. Ìsokọ́ra iná wọn kò wó. Ìdí kan ni pé iná ni wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù, nítorí náà wáyà ilé wọn ti nípọn kí ọkọ̀ tó dé.

Ìdí kejì ni mítà. Nígbà tí ọdún 2019 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi mítà tí ó ń ka ìlò iná ní wákàtí wákàtí sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé. Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba owó wáyà padà. Yàtọ̀ sí iye iná tí ènìyàn lò, wọ́n ń wo wákàtí tí ó fa iná jù lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín oṣù, wọ́n sì ń fi ìpíndọ́gba wọn díye lé e. Ẹni tí ó ṣáàjì ọkọ̀, tí ó ń sè, tí ó sì ń fọṣọ ní wákàtí kan náà yóò sanwó ju ẹni tí ó ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, bí àpapọ̀ iná wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Òfin Ìlú Ọba

Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, òfin ti pa á láṣẹ pé ẹ̀rọ ìṣáàjì ilé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó gbọ́n, tí a lè bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá ti ń tà á ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀ kí ó má ṣe ṣáàjì láàárín aago 8 sí 11 òwúrọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí 10 alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó ni ín lè yí ètò yìí padà bí ó bá ní ìrìn kánjúkánjú. Òfin kò dè é lọ́wọ́.

Apá kan wà nínú òfin náà tí ó jọ wá lójú. Bí iná bá di ọ̀pọ̀ ní òru, gbogbo ẹ̀rọ olóye yóò dúró de aago kan náà, nígbà tí aago bá sì lù, gbogbo wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. A sá fún ọ̀wẹ̀ ìrọ̀lẹ́, a tún bọ́ sínú ọ̀wẹ̀ òru. Nítorí náà ni òfin ṣe sọ pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdádúró tí a fi bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké yàn, tí ó lè tó ìṣẹ́jú 10. Ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, òmíràn lẹ́yìn mẹ́fà. Èyí ni pé kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ má ṣe wọ ẹnu ọ̀nà pọ̀.

Wọ́n tún ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí ọkọ̀ dá iná padà fún ìsokọ́ra ní wákàtí góńgó, kí ó sì gba tirẹ̀ padà ní òru. Bí èyí bá fìdí múlẹ̀, bátìrì ọkọ̀ yóò di àká tí a sọ pé iná kò ní.

Ta ni kò rí àyè nínú àáró náà?

Ẹni tí kò ní oko kò lè bá ènìyàn ṣe àáró. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní àgbàlá tí ó ń gbé ọkọ̀ sí ni ó lè ra iná òru tí ó dínwó. Ẹni tí ó ń gbé ilé alájà púpọ̀ yóò lọ sí ibi ìṣáàjì ìta gbangba, owó ibẹ̀ sì lè tó ìlọ́po púpọ̀ owó òru inú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2023, ọkọ̀ takisí aládàáni tí yóò gba ìwé àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rìn láìtú èéfín. Awakọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé nínú fúláàtì ní Peckham ń ṣáàjì nígbà tí iṣẹ́ bá gbà á láyè, kì í ṣe nígbà tí iná bá dínwó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ètò tí ó bá ń yin ẹni tí ó lè dúró gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè dúró.

Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Ọkọ̀ tí Jámánì àti Amẹ́ríkà bá lò gbó lónìí ni tòkunbọ̀ tí yóò gba Kútọnu àti èbúté Èkó wọlé lọ́la; bí tiwọn bá ti di oníná, tiwa yóò di oníná, yálà a múra sílẹ̀ tàbí a kò múra. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ TCN kéde pé iná tí ó gba orí ìsokọ́ra Nàìjíríà ti dé 5,801 mẹ́gáwáàtì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí nǹkan bí 830,000 ọkọ̀ bá ń fa 7 kìlówáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò gba gbogbo rẹ̀ tán, gílóòbù kan kò sì ní tàn láti Badagry dé Maiduguri. Ìsokọ́ra yìí kan náà ni ó wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024 láìsí pé ọkọ̀ oníná kankan ti ì lọ́wọ́.

Àwọn kan lè sọ pé àwa ti ń ṣe àáró iná tipẹ́, nítorí àdúgbò kan a ní iná lónìí, èkejì a ní in lọ́la. Kì í ṣe àáró nìyẹn. Àwọn tí ń ṣe àáró mọ ọjọ́ tí yóò kàn wọ́n, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i ni. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní mítà, a kò sì lè pín ohun tí a kò wọ̀n. Bí ó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a ó fi máa ṣáàjì ọkọ̀, a kàn gbé epo kúrò lẹ́nu mọ́tò lọ sẹ́nu jẹnẹrétọ̀ ni.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà nítòsí. Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti ń gun alùpùpù oníná ilé iṣẹ́ Spiro. Wọn kì í dúró ṣáàjì. Wọn a gbé bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀, wọn a gba èyí tí ó kún, wọn a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bátìrì tí ó wà lórí pẹpẹ lè gba iná ní wákàtí tí ìlò bá fúyẹ́, láìdá ẹnikẹ́ni dúró. Èyí sún mọ́ àáró ju wáyà tí olúkúlùkù ń fà láti ojú fèrèsé rẹ̀ lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àpapọ̀ iná tí ọkọ̀ ń jẹ kì í ṣe ohun tí ó ń wó ìsokọ́ra iná. Àjùmọ̀jẹ ní wákàtí kan náà ni. A ti rí i pé tíráńsífọ́mà àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, pé Nọ́wè fi owó, Ìlú Ọba sì fi òfin, sọ ọ̀wẹ̀ di àáró, àti pé àáró kò lè dúró láìsí ìwọ̀n tí ó péye àti ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín àwọn tí ń ṣe é.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni láti ri wáyà. Iṣẹ́ tiwa tí à ń kọ́ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò kan ní Mushin bá ra ọkọ̀ oníná, tí iná ilé kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wìnnìwìnnì, èdè Yorùbá ni wọn yóò fi bá ara wọn jà tàbí kí wọ́n fi pàdé pọ̀ láti pín wákàtí. Bí wọn kò bá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ń ṣe wọ́n, ẹjọ́ ọkọ̀ ni wọn yóò máa rò, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ọ̀rọ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ ti fi í lé wa lọ́wọ́.